Yíyan Alùpùpù Àlòkù

Ní ayé àtijọ́, ẹni tí ó bá fẹ́ ra ẹṣin kì í wo ìrù rẹ̀ àti awọ rẹ̀ tí ń dán nìkan. Yóò la ẹnu ẹṣin náà láti wo eyín rẹ̀, nítorí eyín ni a fi ń mọ ọjọ́ orí ẹṣin. Yóò gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ sókè láti wo pátákò. Yóò sì mú un rìn lọ, rìn bọ̀, kí ó lè mọ̀ bóyá ó ń tiro. Kì í ṣe ahun ni ó ń ṣe é. Ó mọ̀ pé ní ọjọ́ tí òun bá gun ẹṣin náà, orí ẹsẹ̀ mẹ́rin ẹranko náà ni ẹ̀mí òun wà. Alùpùpù ni ẹṣin òde òní, ẹsẹ̀ méjì péré ni ó sì ní; bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá yọ̀, kò sí ẹ̀kẹta tí yóò gbé e ró. Síbẹ̀, ojú lásán ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ra alùpùpù àlòkù. Wọ́n rí i bí ó ti ń dán, wọ́n gbọ́ bí ó ti ń dún, wọ́n sì ka owó sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ tí a fẹ́ fi alùpùpù ṣe, àti ara ẹni tí yóò gùn ún, ni ó yẹ kí ó yan alùpùpù fún ni. Bí ojú nìkan bá yàn án, ara ni yóò san gbèsè rẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Jámánì ni a ti ṣe ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kà sí alùpùpù àkọ́kọ́. Ní ọdún 1885 ni Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach gbé ẹ́ńjìnnì kékeré kan sí ara kẹ̀kẹ́ onígi. Kò pẹ́ kò jìnnà, iṣẹ́ náà dé Amẹ́ríkà: ilé-iṣẹ́ Indian bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Springfield ní ọdún 1901, ti Harley-Davidson sì bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Milwaukee ní ọdún 1903. Ilẹ̀ tí ó tẹ́jú lọ bẹẹrẹ ni Amẹ́ríkà, ọ̀nà rẹ̀ sì gùn púpọ̀. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ó bí irú alùpùpù kan tí wọ́n ń pè ní cruiser. A lè pè é ní alùpùpù ìrọ̀gbọ̀kú ní èdè tiwa, nítorí pé bí ẹni tí ó jókòó sí àga ìrọ̀gbọ̀kú ni ẹni tí ó gùn ún máa ń rí. Ìjókòó rẹ̀ lọ sílẹ̀; ọwọ́ ìdarí rẹ̀ fẹ̀, ó sì tẹ̀ wá bá ẹni tí ó jókòó; ibi ìgbẹ́sẹ̀lé rẹ̀ wà níwájú; ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì wúwo bí ìró ìyá ìlù. Nígbà tí ó yá, àwọn ará Jàpáánù náà fi tiwọn kún un. Yamaha mú Virago jáde ní ọdún 1981, Honda mú Shadow jáde ní ọdún 1983, Rebel sì tẹ̀lé e ní ọdún 1985. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá àlòkù irú alùpùpù yìí ní Amẹ́ríkà lónìí kò ní ṣàìrí oríṣiríṣi.

Kí ni ó fà á tí ènìyàn fi ń ra àlòkù nígbà tí tuntun wà? Owó ni ìdí kìíní. Bí alùpùpù tuntun bá ti kúrò ní ilé ìtajà ni iye rẹ̀ ti ń dínkù, ẹni tí ó kọ́kọ́ rà á ni àdánù náà sì ń bá. Ìdí kejì ni pé ìgbádùn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ ra alùpùpù ìrọ̀gbọ̀kú. Wọn a gùn ún ní ọjọ́ mélòó kan nínú ọdún, wọn a sì dá a padà sí abẹ́ òrùlé, tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn fi lè rí èyí tí ó ti pé ọdún mẹ́wàá tí kò tíì rin ìrìn púpọ̀. Ìdí kẹta ni pé ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń gun alùpùpù lè jẹ́ kí ó ṣubú lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ní ojú kan tí ó dúró sí. Ó sì sàn kí àlòkù ha ju kí tuntun ha lọ. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní gbogbo aláǹgbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Àlòkù tí a tọ́jú dáadáa àti èyí tí a fi ọ̀dà bo àrùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí àwọn méjèèjì sì jọ máa dán.

Ohun àkọ́kọ́ tí olùrà gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ ni ohun tí òun fẹ́ fi alùpùpù náà ṣe. Ẹ jẹ́ kí a mú òṣìṣẹ́ kan ní ìlú ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tí ó fẹ́ máa gun alùpùpù lọ sí ibi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì, tí ó sì fẹ́ máa gùn ún lọ gba afẹ́fẹ́ ní ìgbèríko ní òpin ọ̀sẹ̀. Iṣẹ́ méjì ni ó fẹ́ rán ìránṣẹ́ kan, iṣẹ́ méjèèjì kò sì fẹ́ ohun kan náà. Lílọ-bíbọ̀ ibi iṣẹ́ ń fẹ́ alùpùpù tí kò wúwo, tí ó lè yí ní ibi tóóró, tí yóò jí ní àràárọ̀ láìfa wàhálà, tí kò sì ní gbóná jù nígbà tí ọkọ̀ bá tò sí ojú kan. Ẹ́ńjìnnì tí afẹ́fẹ́ nìkan ń tù lára a máa gbóná bí kò bá rìn, ooru rẹ̀ a sì máa jó itan ẹni tí ó jókòó lé e. Èyí tí omi ń tù lára ní ìfaradà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tí ó lè bàjẹ́ lára rẹ̀ pọ̀ díẹ̀ sí i. Ní ti ìrìn òpin ọ̀sẹ̀, ohun tí ó ń fẹ́ ni agbára láti bá ọkọ̀ ńlá rìn ní ọ̀nà márosẹ̀, ìjókòó tí kò ní jẹ́ kí ẹ̀yìn máa dun ni lẹ́yìn wákàtí méjì, àti táǹkì tí epo rẹ̀ kò ní tán kí a tó dé ibi tí wọ́n ti ń ta òmíràn.

Bí a bá gbé iṣẹ́ méjèèjì yìí ka orí òṣùwọ̀n, a ó rí i pé àwọn alùpùpù ìrọ̀gbọ̀kú pín sí ọ̀nà mẹ́ta: kékeré, ńlá, àti ti àárín. Nínú àwọn kékeré ni Honda Rebel àtijọ́ wà, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò pé cc 250 gan-an, tí gbogbo ara rẹ̀ sì wọn nǹkan bí kílò 150, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta. Ó rọrùn púpọ̀ láàrin ìlú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀nà márosẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ ìyókù ti ń sá eré máìlì 70 ní wákàtí kan, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lo gbogbo agbára rẹ̀ tán, díẹ̀ ni ó sì kù tí yóò fi sá fún ewu. Àwọn ńlá ni àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn ju cc 1,400 lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wọn kílò 300 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìyẹn àpò sìmẹ́ńtì mẹ́fà. Bí wọ́n bá ń sáré lọ ní ojú ọ̀nà tí ó tẹ́jú, ó dà bí ẹni pé wọn kò wúwo rárá. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ tì wọ́n sẹ́yìn ní ibi tí ó dagun díẹ̀ yóò mọ ohun tí à ń pè ní àpò mẹ́fà. Àwọn ti àárín ni àwọn tí ẹ́ńjìnnì wọn wà láàrin cc 600 sí 900, bí Yamaha V Star 650, Honda Shadow 750 àti Harley-Davidson Sportster 883. Wọ́n ní agbára tí ó tó fún ọ̀nà jíjìn, wọn kì í sì í di ẹrù lé olówó wọn lórí láàrin ìlú. Fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ méjì, ti àárín yìí ni ó sábà máa ń sàn jù, bí owó ọwọ́ rẹ̀ bá tilẹ̀ tó ra ńlá.

Ó tún yẹ kí olùrà mọ ohun tí ń gbé agbára ẹ́ńjìnnì dé táyà ẹ̀yìn. Ó lè jẹ́ ṣéènì, ó lè jẹ́ bẹ́líìtì bí ti ọ̀pọ̀ Harley-Davidson, ó sì lè jẹ́ ọ̀pá irin bí ti V Star 650. Ṣéènì ń fẹ́ ọ́ìlì àti ìmúle lóòrèkóòrè. Bẹ́líìtì kò fẹ́ ọ́ìlì. Ọ̀pá irin ni ìtọ́jú rẹ̀ kéré jù. Ẹni tí ń gun alùpùpù lójoojúmọ́, tí kò sì ní àyè láti máa fi ọwọ́ kan ọ́ìlì ní ìrọ̀lẹ́, kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wo ọ̀rọ̀ yìí.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ara ni ó kàn. Kí olùrà jókòó lórí alùpùpù náà, kí ó gbé e kúrò lórí irin tí ó fi dúró, kí ó sì rí i pé àtẹ́lẹsẹ̀ òun méjèèjì tẹ ilẹ̀ pẹlẹbẹ. Kí ó yí ọwọ́ ìdarí dé òpin ní ọ̀tún àti ní òsì. Bí apá rẹ̀ bá na tán tí èjìká rẹ̀ fi ń tẹ̀lé e, ọwọ́ ìdarí náà ti jìnnà jù fún un. Kí ó sọ̀kalẹ̀, kí ó sì tì í sẹ́yìn ní ìwọ̀n ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ kí ó tó ṣe èyí tán, kí ó ronú bí yóò ti rí ní ojoojúmọ́ níwájú ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ibi ìgbẹ́sẹ̀lé tí ó wà ní iwájú pátápátá dára nínú àwòrán, ṣùgbọ́n gbogbo ìwúwo ara ni ó ń bọ́ sórí ìbàdí, ẹni tí ó gùn ún kò sì lè fi ẹsẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè nígbà tí táyà bá já sí kòtò. Ọ̀rẹ́ kò lè bá ni ṣe ìdánwò yìí, nítorí pé bàtà tí ó bá ẹnìkan mu a máa bó ẹlòmíràn lẹ́sẹ̀.

Nígbà tí alùpùpù bá ti bá iṣẹ́ àti ara mu ni àyẹ̀wò tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Láti ọdún 1981, àwọn alùpùpù tí a ń ṣe fún títà ní Amẹ́ríkà ní àmì ìdánimọ̀ kan, lẹ́tà àti nọ́ńbà 17 lápapọ̀, tí a máa ń tẹ̀ sí ara irin ní ọrùn alùpùpù. Bí èyí tí ó wà lára irin kò bá bá ti inú ìwé mu, tàbí tí ẹnìkan bá ti ha á, kí olùrà fi owó rẹ̀ sí àpò kí ó máa lọ sí ilé. Ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tí ó gbà á sílẹ̀.

Lẹ́yìn ìwé, kí ó bá ẹ́ńjìnnì náà ní tútù. Kí ó gbé ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ọn bí ó bá ti dé. Bí ó bá ti gbóná, olùtà ti jí i sílẹ̀ kí àlejò tó dé, ó sì lè jẹ́ pé kì í fẹ́ jí ní òwúrọ̀. Kí olùrà ní sùúrù títí yóò fi tutù. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá jí, èéfín ni yóò sọ ohun tí olùtà kò sọ. Èéfín aláwọ̀ aró fi hàn pé ọ́ìlì ń jó nínú rẹ̀. Èéfín dúdú fi hàn pé pẹtiróòlù tí ó ń mu ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Èéfín funfun díẹ̀ ní òwúrọ̀ tútù kò ṣe nǹkan, ṣùgbọ́n bí kò bá dáwọ́ dúró nínú ẹ́ńjìnnì tí omi ń tù lára, ó lè jẹ́ pé omi ti ń wọ ibi tí iná wà. Kí máìlì kékeré tí aago rẹ̀ ń fi hàn má ṣe tan ènìyàn jẹ. Pẹtiróòlù tí ó dúró nínú kabúrétọ̀ fún oṣù púpọ̀ a máa di oje, a sì dí àwọn ihò tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀. Rọ́bà a gbẹ, bátìrì a sì kú. Ohun tí a kò lò náà a máa gbó.

Lẹ́yìn èyí, kí ojú rẹ̀ lọ sí àwọn ohun tí ẹ̀mí rọ̀ mọ́. Ní ẹ̀gbẹ́ táyà, níbi tí àmì DOT parí sí, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára táyà tí a ṣe láti ọdún 2000 wá: méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn sì jẹ́ ọdún. Bí a bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni a ṣe é. Táyà lè ní ojú tí kò tíì jẹ síbẹ̀ kí ó ti gan, kí ó sì ti sán. Kí ó fa ṣéènì ní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ eléyín tí ó wà lára táyà ẹ̀yìn. Bí ó bá ṣí kúrò lára eyín náà, ó ti jẹ tán. Kí ó fún bíréèkì iwájú. Bí irin rẹ̀ bá wá kan ọwọ́ ìdarí, ewu ń bẹ, nítorí bíréèkì iwájú ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ ìdádúró. Kí ó wo irin méjèèjì tí ó di táyà iwájú mú. Bí ọ́ìlì bá ń jò níbẹ̀, ó lè kán sí ara bíréèkì. Kí a gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí a sì rọra yí ọwọ́ ìdarí. Bí ó bá ń há ní àárín, ọrùn rẹ̀ ti jẹ. Kí ó wo ṣóńṣó ọwọ́ ìdarí, etí ibi ìgbẹ́sẹ̀lé àti ìdí sáléńsà: níbẹ̀ ni àpá máa ń wà bí alùpùpù bá ti ṣubú rí. Bí olùrà kò bá mọ̀ nípa ẹ́ńjìnnì, kí ó san owó díẹ̀ fún mẹkáníìkì tí kò bá olùtà tan.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí ó ń tan àwọn ọ̀dọ́ jẹ, èyí ni ọ̀rọ̀ ariwo. Àwọn kan a máa gé sáléńsà alùpùpù ìrọ̀gbọ̀kú kí ó lè máa ké rara, wọn a sì máa sọ pé ariwo náà ni ó ń gba ẹ̀mí àwọn là. Ní ọdún 1981, Harry Hurt àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì kan ní gúúsù California tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti yẹ nǹkan bí ìjàǹbá alùpùpù 900 wò ní agbègbè Los Angeles. Wọ́n rí i pé níbi tí alùpùpù àti ọkọ̀ ti kọlu ara wọn, nínú mẹ́ta, bí méjì ni ó jẹ́ pé awakọ̀ ni ó gba ọ̀nà mọ́ alùpùpù lọ́wọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò rí i, tàbí kí ó rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Iwájú ni ewu yìí ti sábà máa ń wá, ẹ̀yìn sì ni sáléńsà kọjú sí. Iná iwájú tí ń tàn, aṣọ tí ó mọ́lẹ̀ lójú, àti bíréèkì tí ó ń mú dáadáa wúlò ju ariwo lọ. Ìwádìí náà tún fi hàn pé nínú àwọn tí ìjàǹbá ṣẹlẹ̀ sí, ó lé ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá tí kò lọ kọ́ alùpùpù lọ́dọ̀ olùkọ́ tòótọ́. Fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ọ, tàbí kí ọ̀rẹ́ àti ẹbí kọ́ wọn.

Nítorí náà, kí olùrà má ṣe fi gbogbo owó rẹ̀ ra irin. Bí ó bá ní dọ́là 4,000, kí ó wá alùpùpù tí kò ju dọ́là 3,000 lọ, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́, ìnṣọ́ráǹsì, táyà tuntun, ìbọ̀wọ́, bàtà, àti aṣíborí pàápàá. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò lójú pópó ṣírò pé nínú 100 ẹni tí ó gun alùpùpù kú láìdé aṣíborí, 37 ni ì bá yè bí wọ́n bá dé e. Ọ̀rọ̀ yìí kan ilẹ̀ tiwa náà. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ipá mú àwọn ọlọ́kadà ní Nàìjíríà láti dé aṣíborí, àwọn kan dé igbá, àwọn mìíràn sì dé ike ọ̀dà. Ènìyàn rẹ́rìn-ín sí i nígbà náà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi gbogbo owó rẹ̀ ra alùpùpù tí ń dán, tí kò ku ohun tí yóò fi ra aṣíborí gidi, kò sàn ju ẹni tí ó dé igbá lọ.

Ní ìkẹyìn, ohun èlò tí ó ṣe pàtàkì jù lọ́wọ́ olùrà ni agbára láti sọ pé òun kò rà mọ́. Olùtà lè sọ pé ẹlòmíràn ń bọ̀ wá rà á ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Kí ẹlòmíràn náà máa bọ̀. Alùpùpù àlòkù kò lè tán lọ́jà, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kò ní àlòkù tí a lè rà. Ẹni tí ó bá fi sùúrù yan èyí tí ó bá iṣẹ́ rẹ̀ mu, tí apá rẹ̀ ká, tí bíréèkì rẹ̀ ń mú, tí ìwé rẹ̀ sì mọ́, yóò gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé, yóò gùn ún lọ sí ìgbèríko ní òpin ọ̀sẹ̀, yóò sì máa gùn ún padà sí ilé.

Àwọn Ìbéèrè

1. Kí ni ìdí mẹ́ta tí àyọkà yìí fi sọ pé ènìyàn ń ra alùpùpù àlòkù?
2. Ṣe àlàyé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí lílọ-bíbọ̀ ibi iṣẹ́ ń fẹ́ àti ohun tí ìrìn òpin ọ̀sẹ̀ ń fẹ́ lára alùpùpù.
3. Kí ni ó burú nínú kí olùtà ti jí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kí olùrà tó dé?
4. Bí o bá rí nọ́ńbà 4721 ní ẹ̀gbẹ́ táyà kan, kí ni o lè sọ nípa ọjọ́ orí rẹ̀?
5. Sọ ìtumọ̀ òwe aláǹgbá bí a ti lò ó nínú àyọkà yìí, kí o sì sọ ohun mìíràn, yàtọ̀ sí alùpùpù, tí a lè lo òwe náà fún.
6. Kọ àròkọ kan lórí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí: (a) Bí a ti ń yan kẹ̀kẹ́ ológeere àlòkù, (b) Ariwo kọ́ ni ààbò.